ÌGBÉSÍ AYÉ DÓKÍTÀ HIDEYO NOGUCHI, ẸNI TÍ ÀRÙN IBI IṢẸ́ RẸ̀ PA

Ìtàn ọkùnrin ará Japáànì kan ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn máa bi ara rẹ̀ pé kí ló kan àwa ará Èkìtì nínú ọ̀rọ̀ ará Japáànì tó ti kú láti ọdún 1928. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé kò jìnnà sí wa ló kú sí. Ní Accra ni, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Gánà lónìí, kò sì tíì tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti Èkó dé nígbà tí ọlọ́jọ́ dé. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló pa á.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí ń pa òṣìṣẹ́ kò sì ṣàjèjì sí wa. Ẹ lọ sí Ìgbẹ́mọ lásìkò tí wọ́n bá ń bọ ìrẹsì, kí ẹ wo àwọn obìnrin tó dúró sínú èéfín àti ooru láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ wo àwọn aránṣọ wa l'Ádó tí wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí wà láàárín wa tí ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ń kàn lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Àwa tíṣà náà ńkọ́? Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a fi ń fa ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì símú, tí a ń wúkọ́, tí a sì ń sọ pé òtútù ni.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1876 ni wọ́n bí ọkùnrin yìí, ní abúlé kan lẹ́bàá adágún Inawashiro, ní agbègbè Fukushima. Seisaku ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Tálákà ni àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn ọtí ju oko lọ, nítorí náà Shika ìyá rẹ̀ ló ń gbé ilé ró. Ó ń roko, ó sì ń ru ẹrù fún àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n tó rí oúnjẹ jẹ. A mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Irú wọn ló tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ní ọdún 1878, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún kan àti ààbọ̀, ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀ nínú ilé, ó bọ́ sí oko tó wà nítòsí. Ààrò àwọn ará Japáànì ayé ìgbà náà kì í ṣe orí òkúta mẹ́ta bíi tiwa. Wọ́n máa ń gbẹ́ ihò sí àárín ilẹ̀ yàrá, inú ihò yẹn ni iná máa ń jó. Ọmọ náà rá dé ibẹ̀, ó sì ṣubú sínú iná. Igbe rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ gbọ́ tó fi sáré wọlé. Ọwọ́ òsì ọmọ náà ti jóná, nígbà tí egbò sì jinná, àwọn ìka ti lẹ̀ mọ́ra wọn bíi kùkùté.

Kò sí obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa tí a nílò láti sọ fún bí ó ṣe rí lára Shika. Ilé ìdáná ni ibi iṣẹ́ tí obìnrin pọ̀ sí jù lọ láyé, kò sì sí ọ̀gá kankan tó ń wá yẹ̀ ẹ́ wò. A ti rí ọmọ tí ìkòkò ẹ̀kọ gbígbóná dà sí lára nínú agboolé tiwa fúnra wa. Títí di òní, bí a bá rí ọmọ kékeré nítòsí ààrò, àyà wa á já.

Shika gbà pé ọmọ tí kò lè di ọkọ́ mú kò lè jẹun nídìí oko, nítorí náà ó pinnu pé ìwé ni ọmọ òun yóò kọ́, bó ti wù kó ná òun tó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ tíṣà kan wà, Kobayashi Sakae ni orúkọ rẹ̀, tó rí i pé orí ọmọ náà pé, ó sì mú un bí ọmọ. Nígbà tí ọmọdékùnrin náà kọ àròkọ nípa ọwọ́ rẹ̀ àti ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, àánú ṣe àwọn tíṣà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì dá owó jọ fún un. Ní ọdún 1892, dókítà kan tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, Watanabe Kanae, ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì ya àwọn ìka náà kúrò lára wọn. Wọn kò padà bọ̀ sípò pátápátá, ṣùgbọ́n ó lè fi wọ́n di nǹkan mú. Àwa tí a ti fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ ka ibi yìí lẹ́ẹ̀mejì. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó kọjá lábẹ́ wa ni ì bá dà bẹ́ẹ̀, bí a bá ti fi ara balẹ̀ ka àròkọ wọn ju kí a kàn fi yíǹkì pupa sàmì sí i lọ?

Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé dókítà ni òun yóò dà. Ọ̀dọ̀ Watanabe kan náà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó lọ sí Tokyo ní ọdún 1896, ó sì gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1897. Àkókò yìí ló pa orúkọ dà tó di Hideyo.

Kí a má purọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin náà kì í ṣe ẹni mímọ́. Bó ṣe ń rí owó ló ń ná an sí ọtí àti fàájì. Nígbà tó fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà, owó ìdáná tí wọ́n fún un láti ilé ọmọbìnrin kan tó ṣèlérí láti fẹ́ ló kó wọ ọkọ̀, kò sì fẹ́ ọmọ náà. Oníṣègùn eyín kan tó ń ràn án lọ́wọ́, Chiwaki Morinosuke, ló padà san gbèsè náà. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọdé máa ń fò ó, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni àwa.

Òpin ọdún 1900 ló dé Philadelphia, ó sì kàn sáà lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà Ọ̀jọ̀gbọ́n Simon Flexner, ẹni tí wọ́n ti pàdé lẹ́ẹ̀kan ní Japáànì, pé òun dé láti wá ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ni oró ejò. Ó tẹ̀lé Flexner dé Ilé Ìwádìí Rockefeller ní New York ní ọdún 1904, ibẹ̀ ló sì ti di olókìkí. Ní ọdún 1913 ó fi hàn pé kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní sífílísì wà nínú ọpọlọ àwọn kan tí wọ́n ya wèrè tí wọ́n sì kú, èyí tí ọ̀pọ̀ ti rò tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Wọ́n ní kì í sùn. Òun nìkan ni yóò wà nínú yàrá àyẹ̀wò lóru, tí yóò máa da oògùn láti inú ìgò sí inú ìgò.

Ohun kan wà tí a kò lè ṣàì sọ. Ní nǹkan bí ọdún 1911 sí 1912, ó dán oògùn àyẹ̀wò kan wò lára àwọn aláìsàn àti àwọn ọmọ aláìlóbìí, láìbi wọ́n bóyá wọ́n gbà. Ariwo sọ nípa rẹ̀ ní New York nígbà náà. Ẹni tí kò ka ewu tirẹ̀ sí kì í sábà ka ti ẹlòmíràn náà sí, èyí sì hàn nínú ìyókù ìtàn yìí.

Ní gbogbo àkókò wọ̀nyí, ìyá rẹ̀ wà ní abúlé, ó ti di agbẹ̀bí. Shika kò kàwé rí. Nígbà tí àárò ọmọ rẹ̀ pọ̀ jù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ti ń kọ álífábẹ́ẹ̀tì wọn, ó sì kọ lẹ́tà sí i ní ọdún 1912, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wálé. Lẹ́tà náà ṣì wà lónìí, ọwọ́ ìkọ̀wé wúruwùru bíi ti ọmọ ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1915 ni ọmọ náà tó wálé. Ọdún 1918 ni ìyá rẹ̀ kú, ọmọ náà kò sì fi ojú kan ilẹ̀ Japáànì mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ọdún 1918 yẹn gan-an ni àṣìṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rán an lọ sí Guayaquil ní orílẹ̀-èdè Ecuador, níbi tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti ń pa ènìyàn. Ẹ mọ ibà yìí: ojú á pọ́n bí ata rodo tó pọ́n resuresu, ìtọ̀ á pọ́n, aláìsàn lè máa bì ẹ̀jẹ̀ dúdú. Láti ọdún 1900 ni àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà ní Kúbà ti fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, lẹ́yìn tí Carlos Finlay ará Kúbà ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1881. Iṣẹ́ yẹn náà gba ẹ̀mí. Nọ́ọ̀sì kan wà, Clara Maass, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tó gbà kí ẹ̀fọn jẹ òun nítorí ìwádìí, ó sì kú ní Havana ní oṣù kẹjọ ọdún 1901. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ẹ̀fọn ń gbé gan-an, kò sí ẹni tó tíì rí i.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan tí Noguchi dé Guayaquil, ó ní òun ti rí i. Ó sọ ọ́ lórúkọ, ó sì ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gún fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Kòkòrò náà kọ́ rárá ni. Àrùn mìíràn tó jọ ibà pọ́njú lójú, èyí tí èkúté ń fi ìtọ̀ rẹ̀ kó ran ènìyàn, ni kòkòrò tó rí ń fà. Ní ọdún 1926 àwọn olùwádìí méjì ní Harvard, Max Theiler àti Andrew Sellards, fi èyí hàn kedere. Kòkòrò ibà pọ́njú gan-an kéré débi pé awò ayé ìgbà náà kò lè gbé e jáde. Ìyẹn ni pé àwọn tó gba abẹ́rẹ́ Noguchi ń rìn káàkiri pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ewu ti kọjá lórí wọn, kò sì sí nǹkan kan lára wọn tó lè dáàbò bò wọ́n. Noguchi fúnra rẹ̀ wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí a yà sí Èkó díẹ̀. Láti ọdún 1925 ni àjọ Rockefeller ti kọ́ ibi ìwádìí ibà pọ́njú sí Yábàá. Adrian Stokes, ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù, dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1927. Ní ìparí oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ọmọ Gold Coast kan tó ń jẹ́ Asibi, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, tí ibà náà ń ṣe. Wọ́n gún un sí ara ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà kan, ọ̀bọ náà sì kú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹranko tí wọ́n lè fi ṣe ìwádìí, wọn kò sì rí kòkòrò Noguchi lára ọ̀kankan nínú wọn. Asibi ní tirẹ̀, ara rẹ̀ yá.

Stokes ń tú àwọn ọ̀bọ tó kú wò, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń kan ọwọ́ rẹ̀ lásán láìsí ìbọ̀wọ́. Ẹ̀fọn ni gbogbo wọn ń ṣọ́ra fún. Wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti ilẹ̀kùn, kò sì wá sí wọn lọ́kàn pé àrùn náà lè gba ara awọ wọlé. Ní àárín oṣù kẹsàn-án ó dùbúlẹ̀. Kó tó kú, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ òun, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ òun fún ìwádìí. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1927 ló kú l'Ékòó, ọmọ ogójì ọdún. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Bauer àti Hudson, tó fi hàn nípa ọ̀bọ pé ẹ̀jẹ̀ tó ní àrùn náà lè ran ẹni tó bá kàn án lára, kódà bí kò bá sí egbò níbẹ̀.

Bí ìròyìn iṣẹ́ Èkó ti dé New York, Noguchi kò lè jókòó mọ́. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ewu. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ara rẹ̀ kò sì le mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1927 ó gúnlẹ̀ sí Accra. William Young, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwádìí ìṣègùn ìjọba níbẹ̀, fún un ní yàrá ní Korle Bu.

Ó ṣe níbẹ̀ bó ti ń ṣe ní New York. Òru ló ń ṣiṣẹ́, nígbà tí àwọn tó lè wo ẹ̀yìn fún un ti lọ sùn. Ọ̀bọ pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ̀jẹ̀ pọ̀, àárẹ̀ sì mú un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1928 ara rẹ̀ kò yá fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn dókítà kan rò pé ìgbẹ́ ọ̀rìn ni, ṣùgbọ́n òun gbà pé ibà pọ́njú fẹ́ẹ́rẹ́ ló ṣe òun, pé òun ti bọ́ nìyẹn, kò tún lè mú òun mọ́. Àjẹsára rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, àìsàn rẹ̀ kì í ṣe èyí tó rò, ó sì ń fi méjèèjì ṣe ààbò.

Ní oṣù karùn-ún ó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí New York. Ó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó láti kí àwọn ará Yábàá. Ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kó tó padà dé Accra, ibà náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù karùn-ún ọdún 1928 ló kú, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

Èyí tó dùn wá jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Young. Òun ló fún àlejò yìí ní yàrá, ó wà lára àwọn tó tú òkú rẹ̀ wò kí ayé lè mọ ohun tó pa á, àrùn náà sì mú òun náà. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn Noguchi ni òun náà kú, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù karùn-ún. Ènìyàn mẹ́ta nínú oṣù mẹ́sàn-án, láàárín Èkó àti Accra, gbogbo wọn ọ̀mọ̀wé, gbogbo wọn lẹ́nu iṣẹ́.

Ikú wọn kò kọjá lásán. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìwádìí yí padà díẹ̀díẹ̀. Ibà náà mú Theiler fúnra rẹ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò ní ọdún 1929, ṣùgbọ́n ó yè é. Ní ọdún 1931 wọ́n rí àjẹsára tòótọ́ kan tí wọ́n ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí kí wọ́n tó fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1937 Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe èyí tí gbogbo ayé ń lò títí di òní, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1951. Láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni wọ́n ti mú irúgbìn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún àwọn ọmọ-ọmọ wa ní oṣù kẹsàn-án, èyí tó wọ inú ètò àjẹsára Nàìjíríà ní ọdún 2004, òun náà ni. Kí ẹ má sì rò pé àrùn náà ti lọ: ní ọdún 2017 ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Ìfẹ́lódùn ní Kwara, ìpínlẹ̀ tó bá wa pààlà.

Àrùn mìíràn sì ti ń ṣe sí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bí èyí ti ṣe sí Stokes. Ní ọdún 1969, nígbà tí a kọ́kọ́ mọ ibà Lassa, nọ́ọ̀sì Laura Wine kó o lára aláìsàn, Charlotte Shaw kó o lára Laura Wine nígbà tó ń tọ́jú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì kú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Dókítà Jeanette Troup fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ nígbà tó ń tú òkú wò ní Jos, òun náà kú. Ní ọdún 2014, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh dí Ebola lọ́nà l'Ékòó, ó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Lassa ṣì ń yọjú ní àgbègbè tiwa níhìn-ín lọ́dọọdún nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

A bẹ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa wò, ó jẹ́ agbẹ̀bí ní ibì kan tí a kò ní dárúkọ. A rí i tó fọ ìbọ̀wọ́ tó ti lò, tó sá a sórí okùn, pé òun yóò tún fi gbẹ̀bí lọ́la nítorí pé kò sí òmíràn. A bi í léèrè bóyá ọ̀gá rẹ̀ mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Òfin tó wà fún ẹ̀san òṣìṣẹ́ láti ọdún 2010 sọ pé ẹni tí àrùn mú lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti owó, pé bó bá kú, àwọn tó ń bọ́ yóò gbà á. Òun kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Kí àwọn tó ní ọmọ nídìí irú iṣẹ́ yìí bi wọ́n léèrè nípa ìbọ̀wọ́, kí wọ́n sì bi àwọn ọ̀gá wọn.

New York ni wọ́n sin Noguchi sí. Àwọn ará Japáànì ya àwòrán rẹ̀ sí ara owó ẹgbẹ̀rún yen wọn láti ọdún 2004 títí di ọdún 2024. Ilé ìwádìí ńlá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Yunifásítì Gánà ní Legon láti ọdún 1979, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò Kòrónà fún àwọn ará Gánà ní ọdún 2020. Yàrá tó ti ṣiṣẹ́ ní Korle Bu ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ fún àwọn àlejò. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó nínú wa, kó má gbàgbé káàdì yẹ́lò rẹ̀ nílé, nítorí wọn óò béèrè rẹ̀ ní bodè.